Ẹ má fi àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ odò Disney ṣẹ̀sín

Sí Olóòtú,

Ọ̀kún o. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Ìlọrin, ló mú mi gbé bírò. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun rí àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n lórí fóònù, tí omijé ń bọ́ lójú wọn torí pé wọ́n fẹ́ pa odò kan rẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Florida. Ó ní ẹni tó bá ń sunkún odò àtọwọ́dá, ìyà ò jẹ ẹ́ rí ni. Ó tún ní nǹkan ìṣeré ọmọdé kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbàlagbà máa torí rẹ̀ bá ara wọn fa ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Wẹ́dà ni mí, Kàbà níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń ṣe géètì, mo ń ṣe ilẹ̀kùn onírin, mo ń ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé táǹkì omi lé, ṣùgbọ́n jáńgílọ́fà ni iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ mí. Láti Ìyàrà títí dé Ìsánlú, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tó bá fẹ́ èyí tó ń yí, tàbí èyí tó ń fì síwá sẹ́yìn, tàbí èyí tí ọmọ ń gùn sókè tó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ohun ìṣeré ọmọdé kò tó ohun tí àgbà ń jiyàn lé lórí, mi ò lè dákẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Orlando, ìlú tí àwọn ọgbà ńlá wọ̀nyí wà nítòsí rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tí mo fẹ́ràn láti wò tó irin tó ń gbé èèyàn yí, nítorí náà, bó bá ti ráyè wọ inú ọgbà, á ká fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn ẹlòmíì ń ká ẹ̀rín ọmọ wọn, òun ń ká abẹ́ ẹ̀rọ fún mi: ibi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀, bí táyà rẹ̀ ṣe gbá ojú irin mú lókè àti nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn olólùfẹ́ ọgbà náà ń bá ara wọn sọ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún nǹkan ṣe tàbí yọ nǹkan kúrò. Wọn kì í ṣe aṣiwèrè o. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ inú àwọn ẹ̀rọ yẹn débi pé wọ́n lè bá èmi wẹ́dà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Odò tí ọ̀gbẹ́ni Ìlọrin ń bú yìí, Rivers of America ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1971 tí wọ́n ti ṣí Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney ní Florida, ló ti wà níbẹ̀. Erékùṣù kan wà láàárín rẹ̀, Tom Sawyer Island, tí wọ́n fi orúkọ ọmọkùnrin inú ìwé ìtàn kan sọ, tí wọ́n sì ṣí ní 1973. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2025 ni àlejò dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Odò, erékùṣù, ọkọ̀ ojú omi tó ń ná an, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́ ibi eré tuntun tí wọ́n mú láti inú fíìmù Cars, ti àwọn mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, nítorí ó jọ pé ọ̀gbẹ́ni yẹn ò wò ó dáadáa. Liberty Belle ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ alájà mẹ́ta ni, bọ́ílà gidi ló sì wà nínú rẹ̀. Bọ́ílà yẹn ń se omi, ooru omi náà ló ń ti àwọn ọ̀pá irin tó ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ní àjẹ̀ yíká ní ìdí ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ náà á máa gbá omi, ọkọ̀ á máa lọ. Ẹni tó bá dúró létí odò á rò pé ọ̀gákọ̀ tó wà lókè ló ń darí rẹ̀. Rárá o. Irin kan wà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ omi, òun ni ọkọ̀ náà ń tọ̀ yípo erékùṣù, kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Èmi tí mò ń fi ojoojúmọ́ bá ìpẹtà jà lórí géètì tí òjò ń pa, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kí irin wà lábẹ́ omi kí ó sì máa gbé ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sùn. Ibi tí wọ́n ti ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí kò ju kí èèyàn jókòó kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lọ, ó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún un.

Erékùṣù náà ńkọ́? Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń ju èèyàn sókè. Ọmọ á wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ kọjá odò, á sáré wọ inú ihò tó ṣókùnkùn, á gun odi onígi, á bọ́ sórí afárá tó léfòó lórí àgbá, tó ń mì bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ. Òbí á jókòó sábẹ́ igi, á máa wò ó. Nínú ọgbà tó jẹ́ pé ìlà ni wọ́n ń tò láti àárọ̀ di alẹ́, ibẹ̀ ni ọmọ ti lè ṣe bó ṣe fẹ́.

Àwọn tó fara mọ́ pípa rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní èrò inú ọkọ̀ náà kò pọ̀ mọ́, ilẹ̀ tí odò náà gbà sì tóbi. Wọ́n ní ọmọ òde òní kò mọ ẹni tí Tom Sawyer í ṣe, mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ ló mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó san owó tó ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ohun tó máa gùn ló bá wá, kò wá wo omi. Wọ́n tún máa ń fa ọ̀rọ̀ Walt Disney yọ, pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọgbà òun kò ní parí láéláé. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́, nípa Disneyland tó ṣí ní California ní 1955. Ṣùgbọ́n odò wà nínú Disneyland yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, ọkọ̀ Mark Twain ń ná an, Walt ò sì yọ ọ́ títí tó fi kú ní 1966. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ti Japan náà wà. Ti Florida, tó ní ilẹ̀ tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, òun ni wọ́n wá sọ pé kò sí àyè fún.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni èyí: àwọn tó ń ṣe ètò ń ka iye ọmọ tó lè gun ẹ̀rọ ní wákàtí kan, wọn kì í ka ẹni tí kò lè gùn ún. Bí ẹ bá fẹ́ gun Space Mountain, ọkọ̀ orí irin tó ń sáré nínú òkùnkùn, ẹ gbọ́dọ̀ ga tó 44 ínṣì. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Tiana, ọmọ-aládé inú fíìmù wọn kan, pè, 40 ínṣì ni. Wọ́n á gbé igi tí wọ́n fi ń wọn ọmọ sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kàn án á padà. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, èmi náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí irin ààbò kò bá di itan ọmọ mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí odò yẹn, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á wọ̀ ọ́, aboyún á wọ̀ ọ́, ọmọ ọwọ́ á wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn á sì jọ máa wò. Tí ẹ bá yọ irú èyí kúrò, tí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń sáré rọ́pò rẹ̀, ẹ ti pín ìdílé sí méjì nìyẹn: àwọn tó ń gùn àti àwọn tó ń bá wọn di báàgì mú. Mi ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn lórí èyí nínú gbogbo ohun tí àwọn tó fara mọ́ pípa odò náà kọ.

Kí ẹ má rò pé gbogbo ohun tó bá ti gbó ni mo ń gbèjà. Splash Mountain ńkọ́? Ìjà lórí ìyẹn gbóná ju ti odò lọ, ó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ọkọ̀ onígi tó ń léfòó nínú omi ni, ìtàn Ehoro ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń parí sí ibi tí omi ti ń ju èèyàn sílẹ̀ láti òkè tó ga tó nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà. Ọdún 1989 ni ti California ṣí, 1992 ni ti Florida. Inú fíìmù 1946 kan, Song of the South, ni wọ́n ti mú un. Fíìmù yẹn fi oko òyìnbó ní gúúsù Amẹ́ríkà hàn bí ibi tí aláwọ̀ dúdú ti ń kọrin tó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò sí ẹkún níbẹ̀ rí. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà kò tà á fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti wò nílé rí. Ní oṣù kẹfà 2020 ni wọ́n kéde pé àwọn máa yí i padà sí ti Tiana, ọmọ-aládé aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú fíìmù wọn, tó jáde ní 2009. Wọ́n pa ti Florida ní oṣù kìíní 2023, wọ́n ṣí tuntun ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2024. Ti California tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Àwọn kan bínú gidi gan-an. Àwọn kan ní òṣèlú ni. Èmi wà lẹ́yìn àyípadà náà, mi ò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tó ń tijú fíìmù kan kò yẹ kó tún máa fi ìtàn inú rẹ̀ pa owó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀, torí mi ò rí i kí àwọn òyìnbó tó ń jiyàn mẹ́nu bà á tó bó ṣe yẹ. Ìtàn Ehoro yẹn, ẹnu àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá mi pa á fún wa lálẹ́ tí òṣùpá bá yọ. Ahun ń jí iṣu olóko wà. Olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé e dúró láàárín poro. Ahun dé, ó kí i, kò dáhùn. Ó tún kí i. Ó ní, “Ìwọ ta ni, tí mò ń kí tí o kò jẹ́? N ó gbá ọ létí o.” Ó gbá a, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi èkejì gbá a, ìyẹn náà lẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó kàn án lórí, títí gbogbo ara rẹ̀ fi há. Ẹ lọ wo ti Ehoro ní Amẹ́ríkà: ó kí ère, ère ò dáhùn, ó lù ú, ó lẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun tiwọn, àtè ni tiwa. Nígbà tí wọ́n sì ń kọ́ Splash Mountain, wọ́n rí i pé ère ọlọ́dà dúdú yẹn ti di ohun tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi oyin rọ́pò rẹ̀. Oyin! Ahun tó lẹ̀ mọ́ oyin, á kàn lá a ni.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yọ Ehoro kúrò pátápátá, inú mi dùn fún Tiana, àánú Ehoro sì ṣe mí. Àwọn olólùfẹ́ kan sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fara mọ́ pátápátá nípa ti tuntun: kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀. Tiana ń wá àwọn ẹranko olórin káàkiri inú àbàtà fún àríyá, ó rí wọn, àríyá bẹ̀rẹ̀. Orin rẹ̀ dùn, àwọn ère tó ń mì tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sì dára ju ti àtijọ́ lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi já bọ́ láti òkè? Nínú ti Ehoro, ìdí wà. Wọ́n ti mú un, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́, ó wá bẹ̀ wọ́n pé ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe, kí wọ́n má ṣáà ju òun sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Wọ́n sì jù ú síbẹ̀, ilé rẹ̀ ni. Ìgbà tí ọkọ̀ ń já bọ́ yẹn, ìwọ ni Ehoro, o sì mọ̀ pé o ti bọ́. Àwọn tó ń pa àlọ́ mọ̀ pé nǹkan kì í ṣàdédé já. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe, kì í ṣe kí wọ́n dá fíìmù àtijọ́ padà.

Ọ̀gbẹ́ni Ìlọrin lè sọ pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀, pé ilé iṣẹ́ ńlá kò ní gbọ́. Nígbà míì, wọn kì í gbọ́ lóòótọ́. Ní 1998, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa eré Mr. Toad ní Florida, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀wù kan náà wá dúró síwájú rẹ̀ láti fẹ̀hónú hàn. Wọ́n pa á síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti àwọn ẹyẹ tó ń kọrin nínú Tiki Room. Ní 1998 kan náà ni wọ́n yí ti Florida padà, wọ́n kó ẹyẹ inú fíìmù méjì wá máa fi ti àtijọ́ ṣẹ̀sín. Àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Iná jó níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2011, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe tán ní oṣù kẹjọ, eré àtijọ́ ni wọ́n dá padà. Dírágónì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní Figment náà ńkọ́, ní EPCOT, ọgbà Disney mìíràn ní Florida? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ pátá nínú àtúnṣe 1999, àwọn èèyàn pariwo, ó padà ní 2002. Bí wọn ò bá jiyàn, ta ni ì bá mọ̀ pé nǹkan kan sọnù?

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ọgbà náà, jáńgílọ́fà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tó ń yí ní Magic Kingdom, ẹlẹ́ṣin onígi, ọdún 1917 ni wọ́n ṣe é ní Philadelphia. Ọgbà mìíràn ní Detroit ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọgbà kan ní New Jersey. Disney rà á ní 1967, wọ́n ha ọ̀dà ara àwọn ẹṣin náà, wọ́n tún wọn kùn, wọ́n gbé e lọ sí Florida. Ó ṣì ń yí. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ẹṣin yẹn, ẹ wo irun ọrùn wọn bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá tún ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì ń sunkún tí wọ́n bá ní kó sọ̀kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe gidi nìyẹn. Bákan náà ni rélùwéè orí òkè, Big Thunder, tí wọ́n tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 kí wọ́n lè pààrọ̀ ojú irin rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí ìyẹn. Àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n ń pè ní alátakò àyípadà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún irin tuntun.

Mo ń rí ìdàkejì rẹ̀ níbí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan pè mí pé kí n wá gé jáńgílọ́fà wọn dànù, ó ti gbó, ó ń dún kíkíkí, òun ti rí oníke aláràbarà kan tí wọ́n ń tà ní Èkó. Mo débẹ̀. Mo fi ọwọ́ yí i, mo gbọ́ ibi tó ti ń dún. Bíárìn ìdí òpó ló ti lọ, gírísì inú rẹ̀ ti gbẹ di erùpẹ̀. Páìpù rẹ̀ ṣì le koko. Ibi tí àwọn ọmọ ń dì mú, ọwọ́ wọn ti fi ọ̀dà rẹ̀ họ, irin ibẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi omi wúrà kùn ún, kò sì sí ìpẹtà kankan níbẹ̀, torí ọwọ́ ọmọ kì í kúrò lórí rẹ̀ pẹ́. Mo pààrọ̀ bíárìn, mo jó ẹsẹ̀ àga kan tó ti fẹ́ já, mo da gírísì sí i. Kí n tó kó irinṣẹ́ mi tán, àwọn ọmọ ti kún orí rẹ̀. Oníke tí wọ́n padà rà náà dé o, wọ́n gbé e sí ojú oòrùn, ọyẹ́ dé, ó sán. Mi ò bú oníke. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò, kó kọ́kọ́ tú ìdí rẹ̀ wò.

Ìyẹn ṣì dára, ó ṣe é tún ṣe. Pápá kan wà ní ìlú kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ọdún Ajíǹde àti Kérésìmesì, jáńgílọ́fà onígi wà níbẹ̀ kí n tó kọ́ṣẹ́. Àwọn kan jókòó nínú yàrá kan, wọ́n gé e sí ìsọ̀. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ló wà ní títì pa. Etí títì ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré báyìí, ọ̀kadà ń gbá eruku lé wọn lórí. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà. Kò sí ẹni tó gbé pátákó. Ohun tí gbogbo àgbà ìlú sọ ni ohun tí ọ̀gbẹ́ni Ìlọrin sọ yẹn gẹ́lẹ́, pé ọ̀rọ̀ ìṣeré ọmọdé kì í ṣe tiwọn. Àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n tí ẹ rí tó ń sunkún odò, wọ́n sàn jù wá lọ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́, torí àwọn olólùfẹ́ kì í sọ ohun tí wọn ò fẹ́ nìkan. EPCOT tó ṣí ní 1982 ní apá kan tí wọ́n ti kọ́ ilé orílẹ̀-èdè mọ́kànlá yí adágún omi ká: Mẹ́síkò, Ṣáínà, Jámánì, Faransé àti àwọn yòókù. Mòrókò wọlé ní 1984, Norway ní 1988. Láti ìgbà náà, kò sí tuntun. Wọ́n ti ṣèlérí ilé kan fún àwa ará Áfíríkà dúdú nígbà tí wọ́n ń ṣí i, wọn ò kọ́ ọ. Ìsọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi síbẹ̀ láàárín Ṣáínà àti Jámánì, wọ́n ń ta ohun mímu tútù níbẹ̀, wọ́n to ìlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí Áfíríkà á lọ sí ọgbà ẹranko wọn, Animal Kingdom, tó ṣí ní 1998, á rí kìnnìún àti erin àti ìlú àfarawé kan tí wọ́n sọ ní Harambe. Ó dára, mo ti wo fídíò rẹ̀, wọ́n ṣe ògiri rẹ̀ bí ẹni pé òjò ti pa á. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni kìnnìún. Dípò mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́ ilé yẹn. Kí wọ́n gbé òfì Okun síbẹ̀, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú, kí obìnrin kan jókòó nídìí òfì kí ọmọ rí i bí òwú ṣe ń di aṣọ. Kí wọ́n sì wá ẹni tó máa pa àlọ́ Ahun àti ère alátè níbẹ̀. Bí Ehoro kò bá ráyè mọ́ ní Florida, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbí.

Nílé wa níbí, Òkè Patti ni mo fẹ́ kí á fi ojú sí. Lókè rẹ̀, èèyàn á rí Ọya àti Benue tí wọ́n pàdé nísàlẹ̀. Ilé tí Lugard lò wà níbẹ̀, igi oṣè ńlá tí àwọn èèyàn ń kọ orúkọ sí lára náà wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá tún sọ pé àwọn fẹ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ní Lọ́kọ́ja, ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Odò-Ẹrẹ̀, kí àwa èèyàn rí i kí katakata tó débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pariwo, kí wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ òkè. Òkè, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jókòó wo omi méjì. Kí wọ́n ṣe ìjókòó síbẹ̀, kí wọ́n ṣe ibòji, kí ọ̀nà rẹ̀ ṣe é gùn fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ní ti pápá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, igun rẹ̀ kan ṣì ṣófo lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti ya àwòrán jáńgílọ́fà kan tó máa gba ibẹ̀, èyí tó ń yí díẹ̀díẹ̀, tó ní àga fífẹ̀ tí ìyá àgbà lè gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ jókòó sí. Bí àwọn tó ni àṣẹ ilẹ̀ náà bá ka lẹ́tà yìí, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kí wọ́n ra páìpù àti bíárìn. Mi ò ní gba owó iṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Wẹ́dà kan ní Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.